Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, a ti béèrè Universal Credit: kí ló tún kù tí a lè gbà?

Ìyá Ayọ̀ (Dagenham), 14 Oṣù Kẹwàá 2025

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìkẹ́rùsí tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2021 dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró níparí oṣù tó kọjá, ọkọ mi sì wà lára wọn. Èmi ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárọ̀, wákàtí díẹ̀ ni, owó tó ń wọlé níbẹ̀ kò ju £600 lóṣù lọ. Ọmọ méjì la ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. A háyà ilé ni, ọwọ́ lándìlọ́ọ̀dù la ti gbà á, kì í ṣe ti káńsù. Ọkọ mi ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, èmi náà sì ti gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke.

A ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún Universal Credit (UC), owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún ìdílé tí owó wọn kò tó. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kí owó àkọ́kọ́ tó dé. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìrànwọ́ mìíràn pọ̀ tí èèyàn lè gbà mọ́ ọn, àmọ́ òun náà kò mọ orúkọ wọn. Kí ni wọ́n? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti ń béèrè wọn? Rẹ́ǹtì wa £1,450 ni, mi ò fẹ́ kó di gbèsè sí wa lọ́rùn. Ẹ ṣeun.

Kúnlé (Manchester), 14 Oṣù Kẹwàá

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn fún Bàbá Ayọ̀. Ní ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ẹ lè béèrè fún advance, owó tí wọ́n ń yá èèyàn kí owó àkọ́kọ́ tó dé, nínú àkáǹtì UC yín. Kì í pẹ́ kó tó dé. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ni o. Wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó yín, ẹ sì lè pín in sí oṣù 24. Èyí tó máa tó rẹ́ǹtì àti oúnjẹ ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má kó gbogbo ohun tí wọ́n bá nà sí yín.

Ìbéèrè kan: ṣé ilé-iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n síṣẹ́ ni, àbí ejẹ́ńsì?

Ìyá Ayọ̀, 14 Oṣù Kẹwàá

Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n san owó oṣù tó kẹ́yìn, wọ́n sì fún un ní P45, ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́. Wọn ò sọ nǹkan mìíràn.

Kúnlé (Manchester), 14 Oṣù Kẹwàá

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lọ báyìí. Tí ilé-iṣẹ́ bá dá èèyàn dúró nítorí pé iṣẹ́ ò tó mọ́, tí onítọ̀hún sì ti lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí wọ́n san owó ìdádúró fún un. Ẹni tó wà láàárín ọdún 22 sí 40 máa gba owó ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò. Láti ọdún 41 sókè, ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ ni. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó nótíìsì, tí òun náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kan. Kí ọkọ yín kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀ báyìí, kó má ṣe é lẹ́nu lásán. Tí wọ́n bá kọ̀, oṣù mẹ́fà péré ló ní láti gbé owó ìdádúró náà lọ sí tríbúnà, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti owó nótíìsì kò tiẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ.

Sọ́lá (Peckham), 15 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìfaradà. Mo máa ń yọ̀ǹda ara mi ní ibùdó ìmọ̀ràn kan lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ yìí gan-an la ń bá yí níbẹ̀. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé rò pé tí UC bá ti wọlé, gbogbo rẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀kùn kan ni UC. Àwọn ilẹ̀kùn yòókù wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa lọ kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í san owó ẹ̀yìn: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá béèrè ló bẹ̀rẹ̀.

Council Tax, owó orí ilé tí káńsù ń gbà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, lónìí tó bá ṣeé ṣe. UC kì í san Council Tax, kò sì sí nínú rẹ̀. Káńsù lẹ máa bẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Council Tax Reduction, àwọn káńsù mìíràn ń pè é ní Council Tax Support. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káńsù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ fún àwọn tí kò tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ibòmíràn lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ibòmíràn á ní kẹ́ ẹ san ìdá díẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì káńsù yín. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà àkáǹtì Council Tax (ó wà lórí bíìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lóṣù Kẹta), nọ́ńbà National Insurance ẹ̀yin méjèèjì, ìwé owó iṣẹ́ yín àti ìwé àkáǹtì báńkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ kò fi tètè béèrè. Káńsù mìíràn á gbà, òmíràn kò ní gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ ọ́ kò lè rí i.

Màmá kan wá bá wa lóṣù tó kọjá, ó kó lẹ́tà káńsù jọ sínú àpò náílọ́ọ̀nù, kò ṣí púpọ̀ nínú wọn nítorí ẹ̀rù. Ó ti ń gba UC láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nígbà tá a tò wọ́n sórí tábìlì, a rí bíìlì, a rí ìránnilétí, lẹ́yìn náà a rí sámáǹsì ilé ẹjọ́ tó ti fi owó tirẹ̀ kún gbèsè náà. Obìnrin tó yẹ kí wọ́n dín Council Tax rẹ̀ kù gidi gan-an ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ ló wà fún un. Nítorí náà ni mo ṣe ń pariwo rẹ̀.

Bàbá Tóbi (Thamesmead), 15 Oṣù Kẹwàá

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ má bínú sí mi o. Iṣẹ́ ni àwa wá ṣe nílùú yìí. Mo ti rí àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ owó ìjọba tí wọn ò dìde mọ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí Bàbá Ayọ̀ tètè jáde, kó ṣe sìkiọ́rítì, kó wakọ̀ bọ́ọ̀sì, kó má jẹ́ kí fọ́ọ̀mù gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ òun.

Sọ́lá (Peckham), 15 Oṣù Kẹwàá

Bàbá Tóbi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Mo mọ̀ pé ire lẹ ń fẹ́. Àmọ́ láti 2021 ni wọ́n ti ń yọ National Insurance nínú owó ọkùnrin yìí, ó hàn lórí ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ wà lára ohun tó ń san án fún. Kò tọrọ báárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí rẹ́ǹtì bá sì ti lé kúrò nílé kò ní ibi tí yóò ti múra lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Èyí ló gbé mi dé New Style JSA (Jobseeker's Allowance), owó ẹni tó ń wá iṣẹ́. Nítorí National Insurance tó ti san, ọkọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i, Ìyá Ayọ̀. £92.05 lọ́sẹ̀ ni ní 2025/26 fún ẹni tó ti pé ọdún 25, wọ́n ń san án ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kò sì ju ọjọ́ 182 lọ. Wọn kì í wo owó tẹ́ ẹ fi pamọ́, wọn kì í wo owó tí ẹ̀yin ìyàwó ń gbà. Ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè rẹ̀, kò sí nínú fọ́ọ̀mù UC.

Kẹ́ ẹ má bàa retí ohun tí kò sí: gbogbo owó JSA náà ni wọ́n máa yọ kúrò nínú UC yín, nítorí náà àpapọ̀ owó kò ní pọ̀ sí i tí UC bá ti ń wọlé. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè tètè dé láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, owó kan á máa wọlé láàárín oṣù, àkọsílẹ̀ National Insurance tó sì ń bá a wá lágbára ju ti UC lọ. Ẹni tí owó ìpamọ́ rẹ̀ ju £16,000 lọ, tí kò lè gba UC rárá, ìyẹn gan-an ló ni ín. Irú wọn máa ń jókòó sílé, wọ́n á ní àwọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan.

Bàbá Tóbi (Thamesmead), 15 Oṣù Kẹwàá

Sọ́lá ọmọ mi, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ National Insurance yẹn wọ̀ mí létí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: láísẹ́ǹsì sìkiọ́rítì, owó kékeré kọ́, ẹni tí kò níṣẹ́ á ṣe rí i san?

Kúnlé (Manchester), 16 Oṣù Kẹwàá

Owó kan wà ní Jobcentre, ọ́fíìsì ìjọba fún àwọn tó ń wá iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Flexible Support Fund. Wọn kì í polongo rẹ̀, ọwọ́ work coach, òṣìṣẹ́ Jobcentre tó ń bójú tó yín, ló wà, ó lè gbà, ó sì lè kọ̀. Owó ọkọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, aṣọ tó bójú mu, bàtà iṣẹ́, owó ìtọ́jú ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú, láísẹ́ǹsì SIA ti sìkiọ́rítì, káàdì CSCS fún àwọn tó ń ṣe ilé kíkọ́, gbogbo ìwọ̀nyí ni mo ti rí tí wọ́n fi owó náà san. Kì í ṣe gbèsè. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kéèyàn mú ẹ̀rí lọ: lẹ́tà iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un, tàbí ìpolówó iṣẹ́ tó sọ pé láísẹ́ǹsì di dandan. Kó béèrè kó tó náwó, nítorí tó bá ti fi owó ara rẹ̀ san án, ó ṣòro kí wọ́n tó dá a padà. Kó sì kọ ọ́ sínú journal, ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí UC nínú àkáǹtì, kí àkọsílẹ̀ wà.

Tí iṣẹ́ bá pẹ́ kó tó yọjú, láti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba UC tàbí JSA, ó lè gba Jobcentre Plus Travel Discount Card. Ó ń dín owó rélùwéè kù sí ìdajì lórí oríṣi tíkẹ́ẹ̀tì kan, ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n tún lè so ó mọ́ Oyster, káàdì owó ọkọ̀, fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀.

Àdùkẹ́ (nọ́ọ̀sì, Croydon), 16 Oṣù Kẹwàá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera, torí mo ń rí àwọn tó ń fi oògùn sílẹ̀ nítorí owó, ó sì ń bà mí nínú jẹ́. Oògùn kan £9.90 ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń gba UC tó sì ní ọmọ nínú rẹ̀ kì í san kọ́bọ̀ lóṣù tí owó iṣẹ́ ìdílé náà kò bá kọjá £935. Tí kò bá sí ọmọ tàbí àìsàn tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú UC yín, £435 ni ààlà. Eyín wà nínú rẹ̀, àyẹ̀wò ojú náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fún èèyàn ní ìwé owó fún awò ojú. Ìyá Ayọ̀, £600 yín wà lábẹ́ £935, ẹ̀yin àti ọkọ yín wọlé. Àwọn ọmọ kì í san tẹ́lẹ̀.

Healthy Start ni wọ́n ń fi ra mílíìkì, èso àti ẹ̀fọ́ fún aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ní 2025/26, £4.25 lọ́sẹ̀ ni, £8.50 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Tiyín kò ní bọ́ sí i báyìí, nítorí £408 lóṣù ni ààlà owó iṣẹ́ níbẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ fún àwọn mìíràn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni kò ní iṣẹ́ nínú ilé wọn.

Ẹni tí kò gba UC tí owó rẹ̀ sì kéré, fọ́ọ̀mù HC1 ló wà fún un. Tí wọ́n bá fún un ní HC2, kò san nǹkan. HC3 á dín in kù.

Ìyá Ayọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, gbogbo yín. Mo ti fi fọ́ọ̀mù Council Tax ránṣẹ́ lánàá. Oúnjẹ ilé-ìwé ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni Ayọ̀ ń jẹ tẹ́lẹ̀ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi tún ní òun lè fi wákàtí kún tèmi. Ṣé kí n gbà á?

Sọ́lá (Peckham), 16 Oṣù Kẹwàá

Ìbéèrè yín yìí jinlẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Oúnjẹ tí Ayọ̀ ń jẹ, ti Mayor Lọ́ńdọ̀nù ni, gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ láti Oṣù Kẹsàn-án 2023. Síbẹ̀ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Free School Meals ti ìjọba, ó yàtọ̀. Ilé-ìwé máa ń gba owó kún un nítorí ọmọ tó bá forúkọ sílẹ̀, ọmọ náà sì lè lọ sí ètò eré àti oúnjẹ ọ̀fẹ́ lákòókò ọlidé. Títí di Oṣù Kẹta 2026, àwọn káńsù mìíràn fi orúkọ yẹn pín fáúṣà oúnjẹ láti inú Household Support Fund, owó tí ìjọba fún káńsù láti ran ìdílé lọ́wọ́. Ààlà rẹ̀ ni pé kí owó iṣẹ́ ìdílé lẹ́yìn owó orí má kọjá £7,400 lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí £616 lóṣù. £600 yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i ni. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2026, gbogbo ìdílé tó bá ń gba UC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa wọlé, ohun yòówù kí owó iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ní ti wákàtí tí ọ̀gá yín fẹ́ fi kún un: ààlà kan wà lórí àpapọ̀ bẹ́nífíìtì, tí wọ́n ń pè ní benefit cap. Fún ìdílé ní Lọ́ńdọ̀nù, £25,323 lọ́dún ni, ó jẹ́ £2,110.25 lóṣù, Child Benefit, owó tí ìjọba ń san lórí ọmọ, sì wà nínú ìṣirò. Ẹ wo tiyín. Iye ọdún 2025/26 nìwọ̀nyí: tọkọtaya £628.10. Ọmọ àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ pé kí 6 Oṣù Kẹrin 2017 tó dé la bí i, £339. Èkejì £292.81. Rẹ́ǹtì yín ti gbé e kọjá ààlà yẹn fíofío, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ díẹ̀ nítorí owó iṣẹ́ yín.

Ohun méjì ló lè yọ yín. Àkọ́kọ́, tí owó iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lápapọ̀ bá tó ààlà tí wọ́n fi sí i lóṣooṣù fún oṣù 12 ṣáájú kí iṣẹ́ tó bọ́ (£846 ni ní 2025/26), wọn kò ní fi cap náà kàn yín fún oṣù mẹ́sàn-án. Mo gbà pé tiyín tó bẹ́ẹ̀, torí ó ń ṣiṣẹ́ gbogbo ọjọ́. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kà á fún yín nígbà tí ìwé UC àkọ́kọ́ bá dé. Tí wọn ò bá kà á, ẹ kọ ọ́ sínú journal. Èkejì, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án náà, tí owó iṣẹ́ yín bá tó £846 lóṣù, cap náà kò kàn yín mọ́.

Nítorí náà tó bá ku díẹ̀ kí oṣù mẹ́sàn-án pé tí Bàbá Ayọ̀ kò tíì ríṣẹ́, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gba wákàtí náà tọwọ́tẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á báyìí, kò burú, torí owó iṣẹ́ £411 àkọ́kọ́ lóṣù (ní 2025/26) ni UC kì í fọwọ́ kàn, lẹ́yìn ìyẹn 55p ni wọ́n ń yọ lórí pọ́ùn kan. Iṣẹ́ ṣì ń lérè. Ṣùgbọ́n ẹ forúkọ Ayọ̀ sílẹ̀ fún oúnjẹ kẹ́ ẹ tó fi wákàtí kún un.

Tí UC kò bá gbé gbogbo rẹ́ǹtì, torí wọ́n ní iye tí wọ́n ń san fún yàrá méjì ládùúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ìrànwọ́ owó ilé lọ́wọ́ káńsù kan náà (Discretionary Housing Payment ni orúkọ rẹ̀ ní 2025/26). Ẹ má dúró dìgbà tí lándìlọ́ọ̀dù bá kọ lẹ́tà.

Tọ́pẹ́ (Coventry), 17 Oṣù Kẹwàá

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Fízà òṣìṣẹ́ lọkọ mi ní, èmi wá lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó fún ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ náà ti parí. Orí fízà mi ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí owó ìjọba fún mi. Ṣé kí n kàn gbà á bẹ́ẹ̀ ni?

Olùdarí ojú-òpó, 17 Oṣù Kẹwàá

Kí ẹnikẹ́ni tó dá Tọ́pẹ́ lóhùn: lórí ọ̀rọ̀ fízà, ohun tí òfin sọ ní gbangba nìkan ni kí a kọ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gangan, kó lọ bá lọ́yà tàbí agbaninímọ̀ràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tí wọ́n ń pè ní OISC títí di Oṣù Kìíní 2025. A ó yọ ìmọ̀ràn àhesọ kúrò.

Àdùkẹ́ (nọ́ọ̀sì, Croydon), 17 Oṣù Kẹwàá

Àbúrò mi, ohun tí wọ́n kọ lé ọ lórí ní àtòjọ tirẹ̀. UC, Child Benefit, Council Tax Reduction, owó ilé, gbogbo wọn wà nínú àtòjọ náà, má fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n New Style JSA kò sí níbẹ̀, torí National Insurance tí ìwọ fúnra rẹ san ló ń gbé e. Ọdún mẹ́ta tí o fi tọ́jú àwọn arúgbó, o san án. HC1 fún oògùn àti eyín kò sí nínú àtòjọ náà. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ níléèwé kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, láti 2022 ni wọ́n ti ṣí i títí lọ fún àwọn ọmọ ìdílé bíi tiyín tí owó wọn kò pọ̀. Fúùdù báǹkì kì í ṣe owó ìjọba. Béèrè fáúṣà rẹ̀ lọ́wọ́ GP (dókítà yín), ilé-ìwé, tàbí Citizens Advice, ibùdó ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́, má jẹ́ kí ojú tì ọ́.

Káńsù tún ní ojúṣe lórí ọmọ tó bá wà nínú ìṣòro ńlá, lábẹ́ apá 17 òfin àwọn ọmọdé ti 1989. Ìyẹn kò wo fízà òbí. Tó bá ti dé bí oúnjẹ tàbí ibùgbé, gba ọ̀dọ̀ agbaninímọ̀ràn lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Luton), 18 Oṣù Kẹwàá

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń fi pamọ́. Mo kọ́ ilé yàrá mẹ́ta sí Ìkòròdú díẹ̀díẹ̀. Màmá mi, ọmọ ọdún 74, ló ń gbé inú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù UC béèrè bóyá mo ní ilé mìíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n dákẹ́, pé ta ló máa lọ wò ó ní Ìkòròdú. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Sọ́lá (Peckham), 18 Oṣù Kẹwàá

Má dákẹ́. Sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ayé àwọn kan jẹ́: gbogbo owó tí wọ́n ti gbà ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà, ilé ẹjọ́ sì lè tẹ̀ lé e. Lójú UC, ilé tí èèyàn ní lókè òkun, tí kò gbé inú rẹ̀, owó ìpamọ́ ni. Ilẹ̀ tí kò tíì kọ́ náà wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò mọ̀. Òfin kan náà ní tí ilé náà bá jẹ́ ibùgbé ìbátan rẹ tímọ́tímọ́, bí òbí, tí ẹni náà sì ti pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ilẹ̀ yìí (66 ni ní 2025) tàbí tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, wọn kò ní ka ilé yẹn rárá. Ọmọ ọdún 74 ni Màmá, ilé wọn nìyẹn. Tí o bá sọ òótọ́, òfin á gbè ọ́. Tí o bá parọ́, o ti sọ ohun tó tọ́ sí ọ di ẹ̀ṣẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì ṣàlàyé pé màmá rẹ ló ń gbé ibẹ̀, iye ọdún wọn, àti pé wọn kì í san rẹ́ǹtì.

Ẹni tó bá ní ayálégbé nínú tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Iye tí wọ́n lè tà á lọ́hùn-ún ni wọ́n máa wò, wọ́n á yọ gbèsè tó bá wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì yọ ìdá mẹ́wàá tí títà bá ní ìnáwó. Tó bá wà lábẹ́ £6,000 pẹ̀lú gbogbo owó ìpamọ́ yín, kò sí ewu. Láàárín £6,000 sí £16,000, wọ́n á yọ £4.35 lóṣù fún £250 kọ̀ọ̀kan. Kọjá £16,000, kò sí UC, àfi tẹ́ ẹ bá ti ń wá ẹni tí yóò rà á, tí wọ́n lè fún yín ní oṣù mẹ́fà. Owó àjọ tẹ́ ẹ bá ti kó wà nínú owó ìpamọ́. Ẹ má sì fi owó tàbí ilé sí orúkọ àbúrò nítorí fọ́ọ̀mù, torí wọ́n á kà á sí yín lọ́rùn bíi pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Luton), 18 Oṣù Kẹwàá

Ọlọ́run bùkún yín, ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ lálẹ́ yìí.

Kúnlé (Manchester), 18 Oṣù Kẹwàá

Níwọ̀n bí a ti ń sọ̀rọ̀ ilé: ẹni tó ń gba UC lè kúrò nílùú yìí fún oṣù kan, tó bá sọ fún work coach ṣáájú, tó sì lè máa ṣe ojúṣe rẹ̀ lórí wíwá iṣẹ́. Tó bá jẹ́ òkú òbí tàbí ẹbí tímọ́tímọ́, wọ́n lè fi oṣù kan kún un tí kò bá ṣeé ṣe láti tètè padà. Mo mọ̀ pé ìsìnkú tiwa kì í parí lọ́sẹ̀ kan. Ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. New Style JSA ní tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè dáadáa.

Àkànní (Glasgow), 19 Oṣù Kẹwàá

Àwa tá a wà ní Scotland, a ní tiwa tó yàtọ̀. Scottish Child Payment jẹ́ £27.15 lọ́sẹ̀ ní 2025/26 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún 16, fún ìdílé tó bá ń gba UC. Kì í dín UC kù. Best Start Foods ló dípò Healthy Start níbí. Social Security Scotland lẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, DWP, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń san UC, kò ní bá yín ṣe é. Oògùn sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ìyá Ayọ̀, 27 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá. Káńsù ti kọ̀wé, wọ́n dín Council Tax wa kù gidi gan-an, wọ́n sì gbà kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́. Ilé-iṣẹ́ ti dáhùn lẹ́tà ọkọ mi, wọ́n ní àwọn máa san owó ìdádúró rẹ̀. JSA ti wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ní kí n kí Kúnlé àti Sọ́lá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ọ̀kan. Aládùúgbò mi ní £150 wà tí wọ́n ń yọ kúrò nínú owó iná. Ṣé a lè gbà á?

Sọ́lá (Peckham), 27 Oṣù Kẹwàá

Inú mi dùn dé ọkàn. Kí owó ìdádúró náà wọ báńkì, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún UC, torí owó ìpamọ́ ló máa jẹ́.

£150 yẹn ni Warm Home Discount. Ti ìgbà òtútù 2025/26, àwọn tó ti ń gba UC ní 24 Oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n ń fún, ẹ̀yin kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ múra sí. Fúnra rẹ̀ ló máa ń wá, kò sí fọ́ọ̀mù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí bíìlì iná gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín tàbí ti ọkọ yín. Ẹ wo bíìlì yín lálẹ́ yìí. Tó bá jẹ́ orúkọ lándìlọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n yí i padà.